Iná Ọkọ̀ Tó Ń Tàn Lọ́sàn-án: Ohun Tó Yẹ Kí Onímọ́tò Mọ̀ Kó Tó Ní Kí Ríwáyà Gé E

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń ná ọ̀nà Igbotako, Ìlútitun àti Òkìtìpupa ni iná iwájú wọn máa ń tàn lọ́sàn-án gangan, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ wọn ò fọwọ́ kan swíìṣì kankan. Ẹni tó ń bọ̀ lọ́kànkán á na ọwọ́ síta, á máa ṣí ìka, á máa pa á dé, ìyẹn ni pé "iná ẹ ń tàn o." Ọlọ́kadà tó bá a pàdé ní kọ́nà á pariwo ohun kan náà. Tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ bíi ìgbà mẹ́wàá lọ́jọ́ kan, onímọ́tò á kọrí sọ́dọ̀ ríwáyà, á ní kó bá òun gé iná náà kúrò kí ọkàn òun lè balẹ̀.

Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn fẹ́ yí ètò iná ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ọkọ̀ ẹni ni. Àmọ́ ibi tí ewu wà gan-an kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò. Iwájú ni gbogbo wọn ń wò, ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ni ewu wà.

Iná ọ̀sán ni orúkọ tó bá a mu jù lọ. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ń pè é ní DRL, lẹ́tà mẹ́ta yìí náà ló sì máa ń hàn lára swíìṣì àwọn ọkọ̀ kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ kì í ṣe láti fi ọ̀nà han awakọ̀. Kí àwọn ẹlòmíràn lè tètè rí ọkọ̀ náà lókèèrè ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, á tàn fúnra rẹ̀. Bí awakọ̀ bá wá tan iná ńlá, iná ọ̀sán á kú tàbí kó rọlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣe é nínú ọkọ̀ kan kọ́ ni wọ́n ṣe ṣe é nínú òmíràn. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda àtijọ́, gílóòbù fúlù ni wọ́n ń lò: wọ́n á dín agbára iná tó ń lọ síbẹ̀ kù, kó má baà ta sí ẹni tó ń bọ̀ lójú. Àwọn ọkọ̀ General Motors kan ń fi tiràfíkétọ̀ iwájú ṣe é. Àwọn ọkọ̀ tó jáde láìpẹ́ ní LED tẹ́ẹ́rẹ́ tiwọn lọ́tọ̀, irú èyí tó dà bí ìpéǹpéjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná ńlá. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, torí ọgbọ́n tí wọ́n fi ń pa ti ọ̀kan kọ́ ni wọ́n fi ń pa ti èkejì, ríwáyà tó bá sì mú gbogbo wọn bákan náà máa ba nǹkan jẹ́.

Ilẹ̀ òtútù ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní Sweden àti Finland, oòrùn kì í ga nígbà òtútù. Ojú ọjọ́ á kàn ṣe ráúráú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ní 1977, Sweden sọ ọ́ di òfin pé kí gbogbo ọkọ̀ máa tan iná tọ̀sán-tòru. Canada tẹ̀lé e: ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá ṣe láti oṣù Kejìlá ọdún 1989 fún títà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní iná ọ̀sán. Àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fi tiwọn lélẹ̀ fún irú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní oṣù Kejì ọdún 2011, ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì sì tẹ̀lé e ní 2012. Amẹ́ríkà ní tiwọn ò fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn fàyè gbà á ní 1993 ni, General Motors sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sára ọkọ̀ wọn láti orí àwọn ti ọdún 1995.

Ìdí nìyẹn tí Corolla méjì, ọdún kan náà, àwọ̀ kan náà, fi lè dúró sí gáréèjì Òkìtìpupa, kí iná ọ̀kan máa tàn, kí ti èkejì kú. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan ti Canada wá, kí èkejì ti Amẹ́ríkà wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí tirẹ̀ ti wá, kó wo mítà eré. Ọkọ̀ Canada ń fi kìlómítà kọ nọ́ńbà ńlá, ti Amẹ́ríkà ń fi máìlì. Àwọn kan máa ń gbójú lé nọ́ńbà ṣáṣíì, wọ́n ní èyí tó bá fi 2 bẹ̀rẹ̀, ti Canada ni. Kì í fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀. Láti 1988 ni Toyota ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Corolla nílùú Cambridge, ní Ontario, nọ́ńbà ṣáṣíì wọn sì ń fi 2T bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ tà. Ibi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti tà á.

Ṣé iná ọ̀sán ń dín jàǹbá kù lóòótọ́? Awuyewuye wà lórí ẹ̀. Ìwádìí tí NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2008 kò rí àǹfààní tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà fún gbogbo ọkọ̀ lápapọ̀. Austria sọ iná títàn lọ́sàn-án di dandan ní oṣù Kọkànlá ọdún 2005, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ 2008, wọ́n ti fagi lé e. Lára ohun tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ń bẹ̀rù ni pé bí gbogbo mọ́tò bá ń tàn, ojú lè máa fo alùpùpù àti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Ìkálẹ̀ kì í sì í ṣe Sweden. Nínú oòrùn agogo méjìlá ọ̀sán ní Igbotako, àfi ẹni tó bá dijú ni kò ní rí mọ́tò tó ń bọ̀. Àmọ́ òjò apá ibí kì í ṣe òjò yẹpẹrẹ. Ọyẹ́ náà á dé ní oṣù Kejìlá pẹ̀lú eruku rẹ̀, ọ̀nà tó bá sì gba àárín igi ọ̀pẹ kọjá lè ṣókùnkùn ní agogo mẹ́rin bí ẹni pé alẹ́ ti lẹ́. Ní irú ibẹ̀, ẹni tó fẹ́ ya ọkọ̀ iwájú rẹ̀ sílẹ̀ á tètè rí mọ́tò tó tan iná ju èyí tí kò tàn lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà kò ṣe ohun tó burú rárá. Kó kàn rọra dá àwọn tó ń ṣí ọwọ́ sí i lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí, iwájú nìkan ni iná ọ̀sán ń tàn. Iná ẹ̀yìn kì í bá a tàn. Lọ́sàn-án, kò ṣe nǹkan kan. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, awakọ̀ á rí i tí ìmọ́lẹ̀ ń tàn sójú títì níwájú rẹ̀. Tí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti ìgbàlódé, dáṣíbọọ̀dù rẹ̀ á ti máa tàn yòò láti ìgbà tó ti ṣíná sí i. Kí ló kù tó máa rán an létí pé òun ò tíì tan iná? Nínú ọkọ̀ ayé àtijọ́, ẹni tó bá gbàgbé á mọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí mítà eré ò ní ṣeé kà, iwájú á sì ṣú biribiri. Kò sí ìránnilétí yẹn mọ́. Ó ń lọ, iwájú ń tàn, ẹ̀yìn dúdú. Iná bíréèkì á tàn lóòótọ́ tó bá tẹ bíréèkì, àmọ́ bó bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ̀yìn ọkọ̀ náà tún ṣú padà.

Àwọn ará Canada ní orúkọ fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ iwin ni wọ́n ń pè é. Ìṣòro náà pọ̀ débi pé ìjọba wọn yí òfin padà: láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ọkọ̀ tuntun tí wọ́n bá fẹ́ tà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́ta. Yálà kí iná ẹ̀yìn máa bá iná ọ̀sán tàn, tàbí kí gbogbo iná tàn fúnra wọn tí ilẹ̀ bá ń ṣú, tàbí kí dáṣíbọọ̀dù ṣókùnkùn títí awakọ̀ á fi tan iná fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹta yẹn ló gbọ́n jù, torí òkùnkùn gan-an ni wọ́n fi ń rán awakọ̀ létí pé ilẹ̀ ti ṣú. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tó wà lójú títì wa ló ti dàgbà ju òfin yẹn lọ.

Ní Osooro, ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú. Lápá ìlà-oòrùn Canada tàbí ní Sweden, ìrọ̀lẹ́ máa ń falẹ̀. Níbí, bí oòrùn bá ti wọ̀, kì í tó wákàtí kan kí òkùnkùn tó bo gbogbo ilẹ̀. Gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láìrí iná mọ̀nàmọ́ná, nítorí náà ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú ò lè máa retí kí iná títì gba òun. Ta ló wá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lásìkò yẹn? Ọlọ́kadà tó gbé èrò méjì ti oko bọ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń sáré kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó ẹyìn tàbí gẹdú, tí bíréèkì rẹ̀ kò lè mú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ti iwájú bá rọra torí kòtò, láìtẹ bíréèkì, kí ni ẹni ẹ̀yìn fẹ́ fi mọ̀?

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń yí ètò iná ọ̀sán padà? Ìwé ọkọ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ìwé ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kì í bá ọkọ̀ dé Nàìjíríà, àmọ́ Toyota, Honda àti àwọn míì gbé tiwọn sórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́, èèyàn á kàn tẹ orúkọ ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ ni.

Àwọn Toyota kan tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ní "DRL OFF" lára ọwọ́ swíìṣì iná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì. Wọ́n á yí i síbẹ̀, iná ọ̀sán á kú. Kò gba ríwáyà, kò gba kọ́bọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ Mercedes, bọ́tìnì ara sítíárì ni wọ́n máa fi wọ inú ètò dáṣíbọọ̀dù, kí wọ́n wá abala iná, kí wọ́n pa á níbẹ̀. Volkswagen àti Audi yàtọ̀ síra. Àwọn kan ní i lójú sìkírínì, àwọn míì, àfi kí wọ́n so kọ̀ǹpútà mọ́ ihò àyẹ̀wò tó wà lábẹ́ sítíárì, kí wọ́n yí kóòdù. Èyí tó bá ti di ọ̀rọ̀ kóòdù, ẹni tó mọ̀ ọ́n nìkan ni kó fọwọ́ kàn án, kó sì kọ nọ́ńbà tó bá níbẹ̀ sílẹ̀ kó tó yí ohunkóhun. Àpótí kan náà tó ń darí iná lè máa darí wáípà àti lọ́ọ̀kù ilẹ̀kùn pẹ̀lú.

Ọkọ̀ tó bá wá láti Canada ló máa ń le. Níbi tí òfin bá ti fi dandan lé e, ilé iṣẹ́ kì í fi swíìṣì pípa síbẹ̀. Ọgbọ́n kan wá wà tí àwọn awakọ̀ ń kọ́ ara wọn. Nínú Toyota àti Honda tó wá láti ibẹ̀, bí hánbíréèkì bá wà lókè nígbà tí wọ́n ṣíná sí ọkọ̀, iná ọ̀sán ò ní tàn títí wọ́n fi máa sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn kan á wá fa hánbíréèkì sókè díẹ̀, ní "kíẹ́" kan ṣoṣo, wọ́n á sì máa wa ọkọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ìwà òmùgọ̀ ni. Iná pupa bíréèkì á máa tàn lójú dáṣíbọọ̀dù ní gbogbo ìgbà, ojú awakọ̀ á sì mọ́ ọn lára. Lọ́jọ́ tí òróró bíréèkì bá ń jò lóòótọ́, iná pupa kan náà ló yẹ kó sọ fún un, kò sì ní kà á sí. Bí hánbíréèkì náà bá sì ń fọwọ́ kan wíìlì, ó ń jẹ páàdì nìyẹn.

Gígé wáyà ló burú jù. Nínú ọkọ̀ tó ń lo gílóòbù fúlù fún iná ọ̀sán, wáyà tí ríwáyà máa gé lè jẹ́ èyí tó ń gbé iná fúlù náà. Alẹ́ ni onímọ́tò á tó mọ̀ pé fúlù òun ò ṣiṣẹ́ mọ́. Fíúsì yíyọ sàn díẹ̀, tó bá jẹ́ pé DRL nìkan ni wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. Bí nǹkan míì bá ń pín in lò, ìyẹn náà á kú. Ojú wáyà tí wọ́n bá sì fi téèpù lásán wé, kí òjò Ìkálẹ̀ máa rọ̀ sí i, owó ìtúnṣe ńlá ló ń pè, nígbà míì iná gidi.

Àwọn kan ò tiẹ̀ fẹ́ pa á. Funfun yòò ni wọ́n fẹ́ kó jẹ́. Wọ́n á ra gílóòbù LED lọ́jà, wọ́n á kì í bọ ibi tí gílóòbù àtijọ́ wà. Iná tí wọ́n ti dín agbára rẹ̀ kù fún iná ọ̀sán kò bá ọ̀pọ̀ LED bẹ́ẹ̀ mu, nítorí náà á máa ṣẹ́jú pákápáká. Ilé iná tí wọ́n ṣe fún gílóòbù àtijọ́ ò sì lè darí ìmọ́lẹ̀ LED bó ṣe yẹ, ojú ẹni tó ń bọ̀ ni yóò máa ta sí.

Bó bá jẹ́ pé owó ríwáyà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ kan wà tó sàn ju gígé lọ: kí ó fi rìléè tó ní fíúsì tirẹ̀ so iná ẹ̀yìn mọ́ iná ọ̀sán, kí méjèèjì máa tàn pọ̀. Àwọn Volvo àtijọ́ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ wọn. Iṣẹ́ ríwáyà tó mọṣẹ́ ni, kì í ṣe ti ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń di wáyà.

Ọkọ̀ tó bá ní "AUTO" lára swíìṣì iná ti bọ́ nínú ọ̀pọ̀ wàhálà yìí. Kí wọ́n fi í síbẹ̀, kí wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, iwájú àti ẹ̀yìn á jọ tàn. Àmọ́ ojú kékeré kan wà lókè dáṣíbọọ̀dù, nítòsí gíláàsì iwájú, tí ètò náà fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti ṣú. Rọ́ọ̀gì tí àwọn onímọ́tò wa fẹ́ràn láti tẹ́ sórí dáṣíbọọ̀dù ló máa ń bò ó, nígbà míì páálí tíṣù. Ọkọ̀ á rò pé òru ni, á tan gbogbo iná ní agogo méjìlá ọ̀sán, onímọ́tò á ní wọ́n ta ọkọ̀ tó bàjẹ́ fún òun. Kó gé ojú ihò kékeré sára rọ́ọ̀gì náà. Kó sì rántí pé òjò ọ̀sán lè rọ̀ gan-an láìjẹ́ pé ojú yẹn kà á sí òkùnkùn. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ni kó fi tan iná. Dọ́bù tiràfíkétọ̀ tí ọ̀pọ̀ máa ń tàn lójú òjò kì í ṣe àrọ́pò, torí ẹni ẹ̀yìn ò ní mọ ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ yà.

Ní ti epo tí àwọn èèyàn ń ṣírò látìgbà tí owó rẹ̀ ti fò sókè ní 2023, iná ọ̀sán kọ́ ló ń jẹ ẹ́. Gílóòbù iná ńlá méjì tó jẹ́ wáàtì 55 lọ́kọ̀ọ̀kan ò lè jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà epo láàárín wákàtí kan. LED kéré ju ìyẹn lọ gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ dín owó epo kù, kó lọ wo afẹ́fẹ́ táyà.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́kadà yàtọ̀. Alùpùpù kéré, kì í tètè hàn nínú dígí, iná ọ̀sán sì ń ṣe é láǹfààní ju mọ́tò lọ. Malaysia ti fi dandan lé e fún alùpùpù láti 1992. Íńdíà, níbi tí Bajaj àti TVS tó kún ọ̀nà Osooro ti wá, sọ ọ́ di òfin ní oṣù Kẹrin ọdún 2017 pé kí iná alùpùpù tuntun máa tàn fúnra rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́kadà tó ra èyí tó ń tàn fúnra rẹ̀, kó má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a pa á.

Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988, ní ẹ̀sùn kan nínú ìwé wọn tí wọ́n ń kọ ní LSV, ìyẹn ẹ̀sùn iná àti àmì. Ẹni tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ kò tàn lóru kò ní rí àwíjàre pé iwájú òun ń tàn.

Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni àyẹ̀wò rẹ̀ ń gbà. Ní bíi agogo méje ìrọ̀lẹ́, kí onímọ́tò gbé ọkọ̀ dúró síbi tó tẹ́jú, kó ṣíná sí i, kó sọ hánbíréèkì kalẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí bíréèkì, kó má sì fọwọ́ kan swíìṣì iná. Kí ẹnì kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ níwájú, kó sọ ohun tó rí. Kí ẹni náà wá gba ẹ̀gbẹ́ lọ sí apá ẹ̀yìn. Onímọ́tò á fi gíà sí ibi pákì, á fa hánbíréèkì sókè, á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ẹni ẹ̀yìn á sì sọ bóyá iná pupa kankan ṣì ń tàn. Bí kò bá sí, kí onímọ́tò tan iná ńlá, kí ẹni náà tún wò ó. Bí ti ẹ̀yìn bá tàn wàyí, ọkọ̀ kò bàjẹ́. Swíìṣì yẹn ni kí ó máa yí ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Bí kò bá ṣì tàn, gílóòbù tàbí fíúsì ti kú, iṣẹ́ tó yẹ kí ríwáyà kọ́kọ́ ṣe nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ iná ọ̀sán fún un.